Láti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà dé epo bọ́ílà: bí a ṣe ń fi ike àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ilé-iṣẹ́ ṣe epo ìdáná n'Ìbàdàn

Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn tó ń sè ògógóró rí ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Dírọ́ọ̀mù wà lórí iná, wọ́n ti di ẹnu rẹ̀ pa, páìpù kan yọ jáde níbẹ̀, ó gba inú omi tútù kọjá, ohun tó bá ń kán ní ìdí páìpù ni ọtí. Ẹni tó bá sì ti rí bí wọ́n ṣe ń sun èédú ní Òkè-Ògùn ti mọ ìdajì kejì. Wọ́n á to igi jọ, wọ́n á fi ewé àti iyẹ̀pẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọlé, torí bí afẹ́fẹ́ bá wọlé, eérú ni wọ́n máa bá níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ wá pa méjèèjì pọ̀, kí ẹ fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sí ipò igi. Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní pyrolysis nìyẹn. Inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti mú ike jáde. Ooru tí kò ní afẹ́fẹ́ nínú á já a sí wẹ́wẹ́, á sì padà di epo, gáàsì àti èédú.

Fídíò pọ̀ lórí fóònù tó ń fi ìkòkò àti iná hàn. Wọn kì í fi ṣíṣà ike àti sísá a sóòrùn hàn, torí kò dùn ún wò. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni èrè wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ewu ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí n ó fi pẹ́ lórí àpò ìdọ̀tí kí n tó dé ìdí iná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn kankan ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ohun tí ọ̀rá ń ṣe fún gọ́tà. Omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ṣì wà lẹ́nu àwọn àgbà, ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 sì ṣojú àwa náà. Ohun tí kò bá di ojú odò, ààtàn Ajakanga, Awótán, Lápìtẹ́ tàbí Abà-Ẹkù ló ń lọ. Ẹrù ò wọ́n wa rárá. Ẹrù tó mọ́, tó gbẹ, tó sì jẹ́ irú kan náà, ìyẹn ló wọ́n.

Kí ẹ tó ra irin kankan

Ẹ wá ibi tí ilé kò yí ká. Láti ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024 tí ohun abúgbàù bú ní Bódìjà, kò sí àdúgbò tó máa rí ìkòkò irin tó ń yọ èéfín tí kò ní pariwo, ẹ ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Ibi tí òrùlé wà, tí ògiri kò sí, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, tí tírélà sì lè wọ̀, ni kí ẹ lọ wá. Apá Olúyọ̀lé tí ilé-iṣẹ́ pọ̀ sí dára ju ẹ̀yìnkùlé lọ lọ́nà gbogbo.

Ìwé àṣẹ náà ṣe pàtàkì. Láti ọdún 1992 ni òfin àyẹ̀wò ipa lórí àyíká ti wà ní Nàìjíríà. NESREA, àjọ àyíká ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 2007 dá sílẹ̀, ló ń mójú tó ìdọ̀tí olóró, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ilé-iṣẹ́ sì lè bọ́ sí abẹ́ èyí. Nítorí májèlé tí wọ́n kó láti Ítálì wá dà sí ìlú Koko, tó wà ní ìpínlẹ̀ Delta báyìí, lọ́dún 1988 ni ìjọba fi gbé àjọ àyíká àkọ́kọ́ dìde, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ẹ lọ bá iléeṣẹ́ àyíká ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti àwọn panápaná kí ẹ tó dá iná, kì í ṣe lẹ́yìn tí aládùúgbò bá ti pè wọ́n.

Ṣíṣà: ta ló ń di epo, ta ló ń di wàhálà

Ike ò jọra. Mẹ́rin péré ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, méjì rere àti méjì burúkú.

Àwọn tó dára ni ẹbí ọ̀rá: ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ọ̀rá tí wọ́n fi ń di nǹkan lọ́jà, kẹ́ẹ̀gì òróró, ike ìpara àti ike ọṣẹ olómi. Wọ́n ń pè wọ́n ní polyethylene, PE. Àbúrò wọn ni polypropylene, PP: ìdérí ike, àga rọ́bà, abọ́ rọ́bà, àpò ìrẹsì tí wọ́n hun. Méjèèjì yìí ni kí ẹ fi ṣe iṣẹ́. Abọ́ fóòmù funfun tí wọ́n fi ń gbé jọ̀lọ́ọ̀fù lóde àríyá náà ń di epo dáadáa, àmọ́ ó fúyẹ́ tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ kan gbáko ò lè wọn tó àpò ọ̀rá méjì. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé e wá fún yín, ẹ gbà á; ẹ má san owó mọ́tò nítorí rẹ̀.

Burúkú àkọ́kọ́ ni ike ẹlẹ́rìndòdò àti ike omi, ìyẹn PET. Kì í di epo tó pọ̀. Lẹ́búlẹ́bú funfun ló ń di nígbà tó bá dé inú páìpù tútù, ó sì ń lẹ̀ mọ́ inú páìpù títí ihò á fi dí. Ojú mi ló ṣe. Nígbà kan tí mo fi ṣíṣà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, tí mi ò sì yẹ̀ ẹ́ wò, epo dá kíkán dúró ní bí agogo kan ọ̀sán, géèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, a sì fa iná jáde lábẹ́ ìkòkò pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Lọ́jọ́ kejì tí a tú páìpù, ohun tó wà nínú rẹ̀ dà bí ẹfun tí wọ́n lọ̀ kúnná. PET ní oníbàárà tirẹ̀, àwọn tó ń lọ̀ ọ́ tún ṣe ń rà á. Ẹ tà á fún wọn, kí ẹ fi owó rẹ̀ ra kẹ́ẹ̀gì tó ti fọ́.

Burúkú kejì burú ju èkíní lọ: PVC. Páìpù omi, síìlìnì rọ́bà, ìbòrí wáyà iná, bàtà rọ́bà mìíràn. Kólórínì wà nínú rẹ̀. Ooru tó tó 250°C sí 300°C á tú u sílẹ̀ di ásíìdì tó ń jẹ irin, tó ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró, májèlé tí wọ́n ń pè ní dioxin sì lè tara rẹ̀ jáde. Páìpù kékeré kan lè ba epo odindi ìkòkò jẹ́.

Báwo lẹ ṣe máa dá wọn mọ̀? Omi ni àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Ẹ gé ike sí wẹ́wẹ́, ẹ dà á sínú bàsíà omi, ẹ rò ó. PE àti PP á léfòó, torí wọ́n fúyẹ́ ju omi lọ. PET àti PVC á rì. Ohun tó bá léfòó lẹ fẹ́. Fóòmù náà ń léfòó nítorí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, àmọ́ ojú lásán ti mọ ìyẹn.

Èkejì ni ti wáyà, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ bó wáyà iná kan, kí ẹ mú bàbà inú rẹ̀ tó gùn tó ìka méjì, ẹ fi ẹ̀mú dì í mú. Ẹ gbé e sínú iná gáàsì títí á fi pọ́n, tí iná náà kò sì ní àwọ̀ kankan mọ́. Ẹ fi bàbà gbígbóná yẹn kan ike tí ẹ ń fura sí, kí díẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ dá a padà sínú iná. Bí iná bá yọ àwọ̀ ewé, àwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ rokoṣo, kólórínì wà níbẹ̀. Ẹ jù ú síta. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ má fa èéfín rẹ̀ símú. Àpò tuntun kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé, mo máa ń mú bíi mẹ́wàá nínú rẹ̀ dán wò kí n tó jẹ́ kí wọ́n tú u sórí ìyókù.

Fífọ̀ àti sísá

Èyí ò gùn. Ẹ fọ iyẹ̀pẹ̀ àti òróró kúrò, ẹ gé ike kí ó má ju fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ lọ, kí ẹ sá a. Ọ̀rá tí wọ́n ká jọ máa ń tọ́jú omi sínú ìká rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ọjọ́ kan ti tó. Lóṣù Kẹfà àti Keje, ẹ ṣe ibi ìsáǹkan tí páànù tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé bò lórí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ máa máa fi òjò sè.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀: ẹ béèrè ìyá rẹ̀

Ohun tí mò ń pè ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ níbí ni ẹrẹ̀ tó ń kù nílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́: ìsàlẹ̀ táńkì dísẹ́ẹ̀lì àti ti epo dúdú, ohun tó ń kó jọ nínú kòtò tí wọ́n ti ń ya òróró kúrò lára omi ìdọ̀tí, ẹrẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ ohun mímu tàbí ti oúnjẹ ń rí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ omi ìdọ̀tí wọn di mímọ́. Wọ́n pọ̀ n'Ìbàdàn, àwọn tó ni wọ́n sì ń san owó kí wọ́n bá wọn kó o. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó jẹ́ kí ẹ fura. Ẹni tó bá ń san owó fún yín láti gbé nǹkan lọ, ẹ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìgbà kan wà tí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin wá fún mi, wọ́n ní ẹrẹ̀ ọṣẹ ni. Mo ṣí ọ̀kan, òórùn ọ̀dà kọlù mí. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí osùn. Mo ní kí wọ́n gbé e padà. Awakọ̀ náà bínú, ó ní òun ti sun epo wá. Ẹrẹ̀ ọ̀dà, ẹrẹ̀ bátìrì àti ẹrẹ̀ àwọn tó ń fi kírómíọ̀mù dán irin lè ní òjé, kírómíọ̀mù àti ẹbí wọn nínú, iná ò sì lè pa irin run. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á sápamọ́ sínú èédú yín. Mẹ́kúrì ní tirẹ̀, 357°C ló ti ń hó, ó máa bá èéfín jáde lọ sínú epo àti gáàsì. Ẹ gba ìwé àyẹ̀wò láti ilé àyẹ̀wò kí ẹ tó gba ẹrù: iye omi, iye epo, iye eérú, àti àwọn irin olóró. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò, ẹ fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹrẹ̀ tó ń kù nílé omi ẹ̀rọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti da álọ́ọ̀mù sómi náà ò wúlò fún wa. Amọ̀ àti álọ́ọ̀mù ni, kò ní agbára iná kankan nínú.

Ọ̀rọ̀ omi ló kù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣòfò. Megajoule, MJ, ni wọ́n fi ń wọn agbára iná. Kílò dísẹ́ẹ̀lì kan ní nǹkan bí 43 MJ nínú. Ká ní ẹ gbé 100 kílò ẹrẹ̀ ilé-iṣẹ́ oúnjẹ wá, tí 80 kílò nínú rẹ̀ jẹ́ omi. Láti fi iná lé kílò omi kan kúrò, á gbà tó 2.6 MJ, ìyẹn 208 MJ fún gbogbo omi náà. Ẹrẹ̀ gbígbẹ tó máa ṣẹ́ kù kò ju 20 kílò lọ. Bí kílò rẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ní 13 MJ, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 260. Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo rẹ̀ tán kí ìkòkò tó gbóná, ẹ ò tíì ka ooru tó ń sá lọ láti ara irin.

Torí náà, oòrùn ni kó ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ fi símẹ́ńtì ṣe ilẹ̀ tó dagun díẹ̀, kí ẹ da yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ sí i kí omi lè jò gba ibẹ̀ lọ sínú kòtò tí ẹ lè kó o jáde, ẹ fi páànù tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé bò ó. Ẹ tẹ́ ẹrẹ̀ náà kó má nípọn ju ìbú ọwọ́ kan lọ, kí ẹ máa fi ráákì yí i. Láti oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kẹta ni oòrùn àti ọyẹ́ Ìbàdàn ń bá yín ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí ẹ bá fi ọwọ́ fọ́ ọ tó rún bí gààrí Ìjẹ̀bú, ó ti tó. Ti ìsàlẹ̀ táńkì yàtọ̀ o: iná ń gbé e, ẹ má sá a síta. Ẹ jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́ nínú dírọ́ọ̀mù fún ọjọ́ mélòó kan, omi á rì sísàlẹ̀, kí ẹ fa omi náà kúrò láti ìdí.

Ẹ má sè gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ pò ó mọ́ ike: ẹ̀kan gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, mẹ́rin ọ̀rá, kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Háídírójìn pọ̀ nínú ọ̀rá, ó ń bá epo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó wúwo, tó sì ń rùn, tún ara ṣe.

Ìkòkò àti páìpù

Wẹ́dà tó mọ iṣẹ́ ni kí ẹ lọ bá, èyí tó ti ṣe táńkì tàbí bọ́ílà rí. Ìkòkò tó máa gba 50 kílò kì í ṣe dírọ́ọ̀mù epo lásán. Irin dírọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́, ní 500°C á rọ̀, á sì ya. Irin tó nípọn tó mìlímítà 8 sí 10 ni kí ẹ lò, bí owó bá sì wà, kó jẹ́ sítéńléèsì. Ẹ má lo sílíńdà gáàsì àtijọ́. Mo mọ̀ pé ó wà nílẹ̀, mo mọ̀ pé kò wọ́n. Ẹ má lò ó.

Ẹnu ìkòkò á ní ìdérí tí wọ́n fi bóòtù dè, pẹ̀lú gáskẹ́ẹ̀tì tí iná kò lè jẹ. Yàtọ̀ sí ibi tí páìpù èéfín ń gbà jáde, ihò mẹ́rin ni kó wà lára rẹ̀: ti géèjì ooru tó wọ inú ìkòkò lọ, ti géèjì tó ń ka ipá gáàsì, ti fáàfù tó ń tú ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ipá bá pọ̀ jù, àti ti náítírójìn, gáàsì tí a fi ń lé afẹ́fẹ́ jáde. Ìkòkò yìí yàtọ̀ sí pọ́ọ̀tì tí a fi ń se ẹran líle. Òdo, tàbí díẹ̀ péré lókè òdo, ni géèjì ipá gbọ́dọ̀ máa kà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bó bá ń gòkè, nǹkan kan ti dí.

Páìpù tó ń gbé èéfín jáde, kó má kéré sí íńṣì méjì ní fífẹ̀, kó máa dagun lọ sísàlẹ̀, kó má ní kọ́nà tóóró. Kó kọ́kọ́ wọ inú kòlòbó irin kan tí afẹ́fẹ́ lásán ń tù. Ibẹ̀ ni ìda máa kó sí. Ìda ni mo sọ: bí ọ̀rá bá jáde láì tíì já tán, kì í di epo ṣíṣàn, dídì ló máa ń dì bí ìda oyin, bó bá sì dì sínú páìpù omi, ó parí. Lẹ́yìn kòlòbó ni páìpù á tó wọ inú dírọ́ọ̀mù omi, bíi mítà mẹ́ta sí mẹ́rin kó wà lábẹ́ omi. Ẹni tí ìda bá ń yọ lẹ́nu lè po amọ̀ funfun tó jẹ́ ẹbí ẹfun mọ́ ike rẹ̀, kaolin ni orúkọ rẹ̀ lọ́jà kẹ́míkà. Ó ń ran ooru lọ́wọ́ láti já ọ̀rá sí wẹ́wẹ́ sí i.

Gáàsì tí omi ò lè sọ di epo, kó gba inú bọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì omi onídèérí kan kọjá kó tó padà sábẹ́ ìkòkò láti jó. Iṣẹ́ méjì ni omi yìí ń ṣe. Ó ń dènà kí iná má bàa sá padà gba páìpù lọ sínú ìkòkò, bí ẹ bá sì pò kọ́sítíìkì sódà mọ́ ọn, irú èyí tí àwọn alásè ọṣẹ ń lò, á gbá ásíìdì díẹ̀ tó bá yọ́ wọlé mú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú tí ẹ bá ń pò ó.

Ọjọ́ ìdáná

Ẹ kó ẹrù sínú ìkòkò, kó má kọjá ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ẹ de ìdérí. Ẹ fi omi ọṣẹ kan gbogbo oríkèé bí àwọn onígáàsì ṣe ń ṣe, ẹ wò bóyá ó ń hó.

Lẹ́yìn èyí ni náítírójìn. Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe mọ ibi tí wọ́n ti ń rà á. Ẹ jẹ́ kó fẹ́ gba inú ìkòkò kọjá títí tó fi máa tó ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún iye tí ìkòkò gbà; fún ìkòkò líta 200, ìyẹn líta 600 sí 1,000. Ó ń lé ọ́síjìn jáde. Gáàsì ike tó bá pàdé ọ́síjìn nínú irin gbígbóná kò ní béèrè ẹni tó ni ilé.

Ẹ wá dá iná. Gáàsì ìdáná, igi tàbí èèpo ẹ̀kùrọ́ ló lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí ooru máa fi 5°C sí 10°C gòkè ní ìṣẹ́jú kan, kó má yá jù. Ní 100°C sí 120°C, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ẹ dúró níbẹ̀ títí á fi dá. Láti 200°C sí 300°C, ẹ máa gbọ́ òórùn. Bó bá ta imú yín bí ásíìdì bátìrì, PVC ti yọ́ wọlé, ẹ pa iná, ẹ padà lọ ṣà àpò tó kù. Ní bíi 350°C, èéfín funfun á bẹ̀rẹ̀, omi inú bọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó púkẹ́púkẹ́. Ẹ má tíì tan gáàsì yẹn. Ẹ jẹ́ kó hó dáadáa fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ìyókù afẹ́fẹ́ tó wà nínú páìpù lè jáde tán, kí ẹ tó ṣí i sábẹ́ ìkòkò. Láti 400°C sí 450°C ni ọjà ti ń tà. Epo á máa ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ rẹ̀ bí tíì tí mílíìkì ò sí nínú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, á sì máa dúdú sí i bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á fẹ́ kí ẹ sún un dé 500°C kó tó fi gbogbo ti inú rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ooru bá ṣì ń gòkè, tí epo sì ti di ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, ó ti tán. Fún 50 kílò, wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà ni.

Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró ti géèjì ní gbogbo àkókò yìí. Kì í ṣe ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù.

Wákàtí tó léwu jù

Èrò ọ̀pọ̀ ni pé bí ẹ bá ti pa iná, ewu ti tán. Ìgbà yẹn gan-an ló ń bẹ̀rẹ̀. Bí ìkòkò bá ń tutù, gáàsì inú rẹ̀ ń súnkì, ó sì ń fa ohunkóhun tó bá wà ní ìdí páìpù sọ́dọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo ti ń nu ọwọ́ mi nù nígbà tí mo rí i pé omi inú bọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì ti lọ sílẹ̀. Mo wo rọ́bà tó mọ́ gaara tó wà láàárín, omi ń gùn ún bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ejò, ó ń lọ sí ọ̀nà ìkòkò tó ṣì wà ní 380°C. Mo sá lọ ṣí náítírójìn, omi náà padà wálẹ̀. Ká ní ó dé inú ìkòkò, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ìbá di èéfín omi, tí ìdérí ìbá sì wá gbogbo wa kiri. Láti ọjọ́ yẹn, kí a tó fa iná jáde, náítírójìn á ti máa ṣàn díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má ṣí ìkòkò lọ́jọ́ náà. Èédú inú rẹ̀ lè gbiná fúnra rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá kàn án nígbà tó ṣì gbóná. Ẹ jẹ́ kó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí géèjì ka 50°C tàbí kó wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tó máa ṣí i wọ ìbòmú tó ń sẹ́ èéfín kẹ́míkà, kó má sì kó orí bọ inú ìkòkò: májèlé bíi benzene àti gáàsì carbon monoxide lè ṣì wà níbẹ̀, èkejì yìí ò sì ní òórùn kankan.

Kí lẹ rí, kí lẹ fẹ́ fi ṣe

Láti inú 50 kílò PE àti PP tó mọ́, tó gbẹ, 30 sí 35 kílò epo jẹ́ iṣẹ́ tó dára. Epo yìí fúyẹ́ ju omi lọ, torí náà ó máa tó nǹkan bí ogójì líta. Gáàsì tó jó padà sábẹ́ ìkòkò àti èédú ló pín ìyókù. Kílò epo náà ní agbára tó súnmọ́ ti dísẹ́ẹ̀lì. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣeé lò nínú ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì tó ń sọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún agbára epo di iná mànàmáná, ẹ máa rí nǹkan bí 100 kilowatt-hour. Ìyẹn ni pé jẹnẹrétọ̀ 10 kilowatt á lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́wàá.

Àmọ́ kò ṣeé dà sínú jẹnẹrétọ̀ bó ṣe jáde yẹn. Bẹntiróòlù, kẹrosíìnì àti dísẹ́ẹ̀lì ló pò pọ̀ sínú ara wọn. Ẹ ní láti tún un sè lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ ya èyí tó jáde kí ó tó dé 180°C sọ́tọ̀, kí èyí tó wà láàárín 180°C sí 350°C jẹ́ ti ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sì pò ó mọ́ dísẹ́ẹ̀lì gidi. Ìnáwó mìíràn nìyẹn. Ní tèmi, bọ́ílà àti iná ilé-iṣẹ́ tó ń lo epo dúdú ni ọjà tó bá epo yìí mu. Ẹ jẹ́ kó silẹ̀ fún ọjọ́ kan, ẹ fa omi ìdí rẹ̀ kúrò, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, ẹ gbé e sínú kẹ́ẹ̀gì irin tí ẹ kọ orúkọ sí lára, kí ẹ tà á kó tó pé oṣù kan, torí ó máa ń dúdú, ó sì máa ń ki sí i.

Ẹ má tà á fún ẹnikẹ́ni gẹ́gẹ́ bíi kẹrosíìnì. Mo tún un sọ. Kẹrosíìnì tó yẹ kì í gbiná kí ooru rẹ̀ tó dé 38°C. Epo ike tí a kò tíì yà lè gbiná bí iná bá kàn án nínú ojú ọjọ́ tiwa yìí, láìsí pé ẹnikẹ́ni mú un gbóná. Kẹrosíìnì tí wọ́n po bẹntiróòlù mọ́ ti jó ọ̀pọ̀ ìdílé nídìí sítóòfù àti àtùpà ní Nàìjíríà. Bí ìyá kan bá wá pẹ̀lú ìgò, "Ẹ bá mi bù ú díẹ̀, tiyín ò wọ́n," ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú sùúrù, "Mà á jọ̀ọ́, ti ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ti ilé ìdáná," kí ẹ má sì bu ẹ̀kán kan fún un.

Èédú tó bá ti ara ọ̀rá tó mọ́ wá kò pọ̀, ẹ lè fi kún ohun tí ẹ ń dá lábẹ́ ìkòkò. Èédú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún: èyí tó pọ̀ jù nínú irin olóró tí ìwé àyẹ̀wò sọ wà níbẹ̀, ó tún ti kó jọ sójú kan. Ẹ rọ ọ́ sínú dírọ́ọ̀mù onídèérí, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò, kí ẹ sì fún àwọn tó ní ìwé àṣẹ láti kó ìdọ̀tí olóró. Kò gbọ̀dọ̀ dé ẹ̀bá ewédú tàbí tẹ̀tẹ̀ ẹnikẹ́ni. Omi tó yà kúrò lára epo náà ò gbọdọ̀ dé gọ́tà, torí gọ́tà yẹn ń lọ sí odò Ọ̀nà tàbí Ògùnpa.

Ẹ fi kílò méjì bẹ̀rẹ̀, nínú ìkòkò kékeré, bíi ìgbà mẹ́wàá kí ẹ tó gbé 50 sókè. Kí ẹ sì ní ìwé àkọsílẹ̀. Ojú ewé kan nínú tèmi kà báyìí: "48 kílò. Ọ̀rá 35, kẹ́ẹ̀gì 13. A sá a ọjọ́ méjì. Iná aago 8:10, epo àkọ́kọ́ 10:05, ó tán 1:40. Líta 37. Èédú kílò 4. Ìdérí ike PET méjì yọ́ wọlé, Ṣíṣà: Wàhábì." Wọ́n ti fi bírò fa ilà sí orúkọ yẹn, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ìdérí PET kì í ṣe PET, PP ni, ẹ̀gbọ́n." Òótọ́ ló sọ.